Gáàsì Kì Í Tán, Jíjò Ló Ń Jò: Iṣẹ́ Àwọn Eléésì Ọkọ̀ ní Ìlọrin

Gáàsì inú éésì ọkọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ epo bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnnì kì í jó o, kì í sì í lò ó tán. Èyí tí ilé iṣẹ́ rọ sínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, tí kì í sábà tó kílò kan nínú ọkọ̀ kékeré, ni yóò máa yí po nínú páìpù láti ọdún dé ọdún. Ìba díẹ̀ lè gba ara rọ́bà yọ́ jáde bí ọkọ̀ bá ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá ń gba gáàsì lọ́dọọdún, ó ń jò ni. Orí òtítọ́ kékeré yìí ni iṣẹ́ àwọn eléésì ọkọ̀ dúró lé, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń wa ọkọ̀ ní Ìlọrin kì í fẹ́ gbọ́.

Ìgbà ooru ni àsìkò àwọn eléésì. Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹrin, ooru ọ̀sán nílùú yìí a máa lé ní 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ní 2024 àti 2025, inú oṣù kẹta gan-an ni ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sí, ẹni tó sì fi ẹnu ààwẹ̀ wa ọkọ̀ láti Tanke dé Ọjà-Ọba lẹ́yìn ìrun ọ̀sán mọ̀ pé éésì kọjá fàájì. Ní Táíwò Ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ pọ̀ sí, àti ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì káàkiri ìlú, ẹ óò rí àwọn eléésì pẹ̀lú àgbá gáàsì àti geéjì olójú méjì, búlúù fún ìhà tí agbára gáàsì ti kéré, pupa fún ìhà tó ti le. Wọn kì í ṣe mẹkáníìkì, wọn kì í sì í ṣe rewaya, síbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn méjèèjì, nítorí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, iná sì ni ó ń so ó mọ́ bẹ́líìtì náà.

Ohun tí wọ́n ń tọ́jú kò ṣòro láti lóye. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ a fún gáàsì pọ̀, gáàsì a gbóná. Kọ́ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀ a tú ooru náà dà sí afẹ́fẹ́, gáàsì a di olómi. Fáàfù kékeré kan a wá tú u sílẹ̀ sínú ìfápórétọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbẹ̀ ni yóò ti tutù nini tí yóò sì gba ooru inú ọkọ̀. Omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ lásìkò yìí kì í ṣe àmì àìsàn. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló di omi.

Ilé iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ta ọkọ̀ tí éésì ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 1940. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, gáàsì R-12 ni wọ́n ń lò. Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland kọ̀wé pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń gòkè lọ ba ọ́sónì jẹ́, ìyẹn ààbò tó ń dí wa lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Nígbà tó di 1985, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ààbò náà ti fẹ́lẹ́ gidigidi lókè Antarctica. Àdéhùn Montreal láti fòpin sí irú gáàsì bẹ́ẹ̀ wáyé ní 1987, Nàìjíríà sì wọ inú rẹ̀ ní 1988. Láti àwọn ọdún 1990 ni R-134a ti gba ipò R-12 nínú ọkọ̀ tuntun. Kì í ṣe gáàsì nìkan ló yí padà. Òróró tó ń lọ pẹ̀lú R-12 kì í bá R-134a rìn, rọ́bà àti dráyà, èyí tó ń fa ọ̀rinrin inú gáàsì, náà ní láti yí padà. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ tó ń ṣe fíríìjì àti éésì pọ̀ ní láti kọ́ iṣẹ́ wọn lákọ̀tun. Bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí ṣe di olùṣọ́ òfuurufú nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n jókòó sọ fún wọn.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le gan-an ni wíwá ojú jíjò. Òkúta ojú ọ̀nà lè lu kọ́ńdẹ́ńsà. Eruku ọyẹ́ àti omi a pọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n a jẹ ìfápórétọ̀. Rọ́bà roboto tó wà níbi tí páìpù ti pàdé a gbẹ, a sán. Èyí tó fara pamọ́ jù ni rọ́bà iwájú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀: òróró tó ń bá gáàsì yí ló ń mú un rọ̀, bí éésì bá sì wà ní pípa fún oṣù mélòó kan, ó lè gbẹ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń pa éésì kí epo má baà tètè tán. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kódà nígbà òtútù, torí owó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ju owó epo náà lọ fíìfíì.

Eléésì tó mọṣẹ́ kì í yára gbé àgbá gáàsì. Yóò fi ìfóófòó ọṣẹ wá ojú jíjò, tàbí kí ó fi àwọ̀ tí iná àkànṣe ń fi hàn sínú páìpù. Lẹ́yìn tó bá ti dí i, yóò fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí omi bá ṣẹ́kù síbẹ̀, ó lè dì bíi yìnyín kí ó dí ẹnu fáàfù, tàbí kí ó bá gáàsì àti òróró di ásíìdì tí yóò máa jẹ irin láti inú. Ìgbà náà ni yóò tó wọn gáàsì lórí ìwọ̀n, ní iye tí wọ́n kọ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àpọ̀jù gáàsì kì í jẹ́ kí éésì tutù dáadáa, ó sì ń ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lára.

Ta ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é báyìí? Àwa oníbàárà ni lọ́pọ̀ ìgbà. “Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi rọ gáàsì sí i, mò ń kánjú.” Ẹni tó ń wá owó oúnjẹ kò ní lé wa padà. Bákan náà ni ti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó bá jóná. Èérún irin rẹ̀ ti tú ká inú páìpù, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ dráyà, a sì sábà gbọ́dọ̀ pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà pẹ̀lú rẹ̀, torí ihò inú kọ́ńdẹ́ńsà òde òní tín-ín-rín débi pé fífọ̀ kì í mọ́ ọn. Oníbàárà tó ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ nìkan, tó ní kí wọ́n so ó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ti ra ìṣòro rẹ̀ pa pọ̀ mọ́ ọn.

Gáàsì ayédèrú tún wà. Ní 2011, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àwọn kọ̀ntéínà atutù tí ọkọ̀ òkun ń gbé bú gbàmù, ó sì pa òṣìṣẹ́. Gáàsì tí wọ́n pè ní R-134a ni wọ́n rọ sínú wọn, ṣùgbọ́n gáàsì mìíràn tó ń bá alumíníọ̀mù jà wà nínú rẹ̀. Àgbá gáàsì tí owó rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti gbogbo ọjà lọ yẹ kó ba eléésì àti oníbàárà lẹ́rù.

Ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ wọn kì í ṣe ohun àbùkù. Ọmọṣẹ́ a wà lábẹ́ ọ̀gá fún ọdún díẹ̀, a gba fírídọ́ọ̀mù, ẹni tó bá sì fẹ́ lè ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba tàbí ti NABTEB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni irinṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ tú páìpù, ó yẹ kí ẹ̀rọ kan fa gáàsì tó ṣẹ́kù sínú àgbá. Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ náà, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tú u sí. R-134a kì í ba ọ́sónì jẹ́, ṣùgbọ́n kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná bíi kílò 1,430 ti káríbọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáídì. Gáàsì ọkọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ gíráàmù 600, bí a bá tú u dànù, ìbàjẹ́ rẹ̀ ju ti èéfín 350 lítà bẹntiróòlù lọ. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àtúnṣe Kigali sí àdéhùn Montreal, lórí irú gáàsì yìí, ní 2018. Òfin ìdáàbòbò ọ́sónì tiwa sì ti wà láti 2009, NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká, ló ń mójú tó o. Òfin kò lè fa gáàsì. Bí ìjọba Kwara àti ẹgbẹ́ àwọn atọ́kọ̀ṣe bá ra ẹ̀rọ kan fún ọgbà mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n jọ máa lò ó, èyí yóò ṣe ìlú lóore ju ìpàdé àpérò mẹ́wàá lọ.

Ọ̀ràn náà kò sì ní dúró dè wá. Láti 2017, Yúróòpù kò gba R-134a nínú ọkọ̀ tuntun mọ́. R-1234yf ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò báyìí. Ó wọ́n ju ti àtijọ́ lọ, ó lè gbiná díẹ̀, ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sì yàtọ̀, geéjì tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ eléésì kò wọ̀ ọ́. Àwọn ọkọ̀ ọdún náà ti ń dé gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ tó ń lo iná pọ̀ mọ́ epo, tí bátìrì ńlá ń yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wọn. Bí a bá rọ òróró éésì ọkọ̀ elépo lásán sí èyí, iná lè jò láti inú rẹ̀. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn ní Ìlọrin ni eléésì tó wà ní Táíwò Ìsàlẹ̀ lónìí, ìsinsìnyí sì ni ó yẹ kí wọ́n ti máa kọ́ ọ.