Ẹ Tẹ́tí sí Ẹ́ńjìnì Kí Ẹ Tó Tú U

Ní Ibereko, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó gba Àgbádárìgì lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, gbólóhùn kan wà tí ọlọ́kadà kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì: “Ẹ́ńjìnì yín ti nọ́ọ̀kì.” Ó di ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Wọn yóò sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, wọn yóò tú u palẹ̀, wọn yóò wá kíráǹkì àti ríìngì rà, iṣẹ́ òòjọ́ yóò sì dúró. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnì tó ń kan ló ti bàjẹ́. Nígbà mìíràn táímìnì ló sún, tàbí tápẹ́ẹ̀tì ló tú, tàbí kó jẹ́ bẹntiróòlù tí wọ́n rà láàárọ̀ ni kò dára.

Orí àwọn ògbólógbòó alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Kí Honda, Suzuki àti Yamaha tó gba títì, kí Bajaj àti Jincheng tó dé rárá, BSA àti Triumph wà lára orúkọ tí àwọn àgbà mọ̀. Birmingham ni wọ́n ti ń ṣe BSA. Bantam wọn jáde ní 1948 pẹ̀lú ẹ́ńjìnì 125cc, wọn kò sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró títí di 1971. Triumph Bonneville tẹ̀lé e ní 1959: písítìnì méjì, kábúrétọ̀ Amal méjì, 650cc. Lórí Bajaj Boxer òde òní, àpótí iná kékeré kan ló ń pinnu ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ta iná. Lórí Bonneville, ọwọ́ ènìyàn ló ń tò ó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tò yóò gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè jó písítìnì láìfura.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Harry Ricardo, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tú àṣírí ìkànkàn ẹ́ńjìnì. Ó yẹ kí iná púlọ́ọ̀gì jó epo àti afẹ́fẹ́ tó wà lórí písítìnì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bí ooru àti ìfúnpá bá pọ̀ jù, èyí tó kù ní igun, tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbúgbàù yẹn ló ń gbá orí písítìnì tí a fi ń gbọ́ ìró lóde. Ricardo fi hàn pé irú epo tí a lò àti bí wọ́n ṣe gbẹ́ inú orí ẹ́ńjìnì ló ń fà á tàbí kó dín in kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, òun àti Triumph jọ ṣe ẹ́ńjìnì onífáàfù mẹ́rin kan tí àwọn ènìyàn ń pè ní “Riccy”. Ní 1921, Thomas Midgley rí i ní Amẹ́ríkà pé bí wọ́n bá po èròjà olójé mọ́ bẹntiróòlù, ìkànkàn náà á rọlẹ̀.

Bẹntiróòlù olójé yẹn ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe Bonneville. Ṣùgbọ́n májèlé ni òjé, pàápàá fún ọpọlọ ọmọdé, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà sì ti pa á tì láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn alùpùpù àtijọ́ ni yóò mú ara wọn bá epo tuntun mu.

Epo náà fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ẹlẹ́bi. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Nàìjíríà kọṣẹ́ nítorí bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí mẹ́tánọ́ọ̀lù nílò láti jó kò tó ìdajì èyí tí bẹntiróòlù ń fẹ́. Kábúrétọ̀ tí wọ́n tò fún bẹntiróòlù yóò wá máa fún ẹ́ńjìnì ní epo tí kò tó. Ẹ́ńjìnì á gbóná, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lù tún ń fa omi mọ́ra, ó ń jẹ rọ́bà, ó sì ń jẹ irin fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe kábúrétọ̀. Ní agbègbè Àgbádárìgì, tí epo inú kẹ́ẹ̀gì ti wọ́pọ̀, tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti òkun sì ń dá ìpata sí táńkì, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ni pé ká fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táńkì sínú ìgò funfun, kó jókòó. Omi yóò lọ sísàlẹ̀, ìpata yóò hàn. Ìpata díẹ̀ tó dí jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ ti tó láti mú kí ẹ́ńjìnì máa kan.

Lẹ́yìn epo, etí ló kàn. Ìkànkàn tí Ricardo ṣàlàyé máa ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ tí a ń mì nínú agolo. Ìgbà tí alùpùpù bá ru ẹrù, tàbí tí a fún un níná púpọ̀ nínú gíá ńlá, ló máa ń jáde. Bí a bá dín iná kù, ó dákẹ́. Bó bá dákẹ́ nígbà tí a fa ṣóòkì díẹ̀, epo ni kò tó. Tápẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lókè, ẹrù wà, ẹrù kò sí. Bí àlàfo bá ti wà láàrin písítìnì àti sílíńdà, yóò kan nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, yóò sì dínkù bó bá ti gbóná. Ṣéènì tó so ẹ́ńjìnì mọ́ kílọ́ọ̀ṣì náà lè dẹ̀, kó máa gbá ìdérí rẹ̀ nígbà tí alùpùpù bá dúró sójú kan. Ó dun ni pé ẹlòmíràn ti tú odindi ẹ́ńjìnì nítorí ṣéènì yẹn.

Èyí tó yẹ kó kó ìpayà báni ni ìró tó jinlẹ̀, gbì-gbì-gbì, tó ń wá láti ìsàlẹ̀, tó sì ń le sí i bí a ṣe ń fún un níná. Bẹ́rínì ẹsẹ̀ kọ́nẹ́tìn rọ́ọ̀dù nìyẹn. Láti mọ ibi tí ìró ti ń wá gan-an, mẹkáníìkì yóò fi ẹnu sìkúrúdíráífà gígùn kan ara ẹ́ńjìnì, yóò sì fi èèkù rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí. Yóò gbọ́ ọ lórí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, lára sílíńdà, lẹ́bàá kíráǹkì. Ibi tí ìró ti le jù ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá jẹ́ onípísítìnì méjì, kí wọ́n pa á, kí wọ́n fi wáyà ọ̀kan nínú púlọ́ọ̀gì méjèèjì kan irin ẹ́ńjìnì dáadáa, kí wọ́n tó tún un ta. Bí ìró bá rọlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló wà.

Imú púlọ́ọ̀gì náà ń ṣe ẹlẹ́rìí. Bó bá jẹ́ àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ara le. Bó bá funfun, epo kò tó, tàbí kí táímìnì ti sún síwájú. Bó bá dúdú tó sì gbẹ, epo ti pọ̀ jù. Dúdú tó tutù, tó ń dán, epo ẹ́ńjìnì ló ń gòkè wá síbẹ̀.

Ìṣirò wà nínú títo ẹ́ńjìnì. Lórí Bonneville 650cc, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ta iná nígbà tó ku dígírì 38 kí písítìnì dé òkè pátápátá. Bó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìkànkàn dé; bó bá pẹ́, ẹ́ńjìnì á gbóná láìlágbára. Ẹnu kóntáàkì gbọ́dọ̀ ṣí ní ìwọ̀n ìdá 15 nínú 1,000 íǹṣì. Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí bí àlàfo yẹn bá yí, táímìnì á yí tẹ̀lé e. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì fáàfù tó ń gba epo wọlé jẹ́ ìdá 2 nínú 1,000 íǹṣì, ti èyí tó ń tú èéfín jáde jẹ́ ìdá 4, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí Boxer lè má rí rí. Nínú kíráǹkì Triumph àti BSA onípísítìnì méjì, páìpù kan wà tí ìdọ̀tí inú epo ẹ́ńjìnì ń gbá jọ sí. Bó bá kún, epo kò ní dé bẹ́rínì mọ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ bẹ́rínì láìfọ páìpù yẹn ti fi owó ṣòfò, ìkànkàn yóò padà wá. Táńkì epo ẹ́ńjìnì wọn náà dá wà lọ́tọ̀: bí a bá ti ta alùpùpù, ká ṣí ìdérí rẹ̀, ká wo bóyá epo ń padà wá láti inú ẹ́ńjìnì. Bí kò bá padà láìpẹ́, ká pa á lójú ẹsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni sípánà 10, 12 àti 14 tó kún inú àpótí irinṣẹ́ mẹkáníìkì kò bá ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì wọ̀nyí mu. Whitworth ni ìwọ̀n wọn, bí a bá sì fipá mú wọn, orí wọn á yọ́.

Ẹ̀yin tí BSA tàbí Triumph bàbá yín ṣì ń bẹ lẹ́yìn ilé, ẹ má tíì tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ da epo àtijọ́ inú rẹ̀ nù, ẹ fọ táńkì àti kábúrétọ̀, ẹ wo púlọ́ọ̀gì àti ẹnu kóntáàkì. Bó bá ta, tó sì ń kan, ẹ pe mẹkáníìkì tó máa kọ́kọ́ tẹ́tí sí i kó tó mú sípánà.