Ṣé O Mọ̀? Àwọn Àgbẹ̀ Zimbabwe ní Shonga

Ṣé o mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ òyìnbó kan ṣí láti Zimbabwe wá dáko sí Nàìjíríà? Nígbà tí ìjọba Mugabe ní Zimbabwe gba oko lọ́wọ́ wọn, Bùkọ́lá Sàràkí, tó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà náà, pè wọ́n wá síbẹ̀. Mẹ́tàlá ló tẹ̀dó sí Shonga, létí Odò Ọya, ní 2005. Hẹ́kítà 1,000 ni ìjọba yá ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọdún 25. Àwọn kan sin màlúù fún wàrà, àwọn kan sin adìẹ, àwọn mìíràn gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Àwọn àgbẹ̀ Nupe tó ti ń dáko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gba owó gbà-máà-bínú, wọ́n sì kó lọ síbòmíràn.