Gluten Nínú Oògùn Tí Dókítà Kọ: Ìṣòro Ẹni Tí Ó Ní Àìsàn Celiac ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

1.0 Ìfáárà

Àìsàn celiac kò tíì ní oògùn tí ó lè mú un kásẹ̀ nílẹ̀. Ìtọ́jú tí ìmọ̀ ìṣègùn fọwọ́ sí ni pé kí ẹni tí ó ní in yẹra fún gluten títí ayé. Purotéènì tí ó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì ni gluten. Bí ó bá dé ìfun kékeré irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ-ogun inú ara a máa dojú ìjà kọ ìfun náà fúnra rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kò ní ṣe ara lóore mọ́. Willem-Karel Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, ni ó tọ́ka sí àlìkámà nínú àpilẹ̀kọ tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1950.

Aláìsàn lè kọ búrẹ́dì. Kò lè kọ oògùn. Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ibi tí gluten lè gbà wọ inú oògùn àti ọ̀nà tí aláìsàn lè gbà wádìí rẹ̀.

2.0 Ọ̀nà tí gluten ń gbà wọ inú oògùn

Bí adáhunṣe bá gún àgúnmu, ẹ̀kọ mímu ni aláìsàn sábà máa ń fi mu ún. Ẹ̀kọ kọ́ ni oògùn, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé e dé ikùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni hóró oògùn òyìnbó rí. Ojúlówó èròjà tí ń wo àìsàn lè kéré púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi èròjà àfikún kún un, kí ó lè di hóró, kí ó lẹ̀ pọ̀, kí ó sì lè tú nínú ikùn. Sítáàṣì wà lára àwọn àfikún wọ̀nyí. Ara àgbàdo tàbí ọ̀dùnkún ni wọ́n ti sábà ń mú un. Ó sì lè jẹ́ ti ẹ̀gẹ́. Kò sí gluten nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sítáàṣì àlìkámà, tí wọn kì í sábà lò, ni ó ń kọni lóminú, nítorí pé gluten díẹ̀ lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀.

3.0 Ohun tí òfin wí

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2004 pàṣẹ pé kí àwọn tí ń ṣe oúnjẹ dárúkọ àlìkámà lára páálí wọn. Òfin náà kò kan oògùn tí dókítà kọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, àjọ FDA, tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé àbá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ náà wí pé òun kò mọ oògùn àgbémì kankan lórí àtẹ nígbà náà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi gluten tàbí ìyẹ̀fun àlìkámà sí. Ó fi kún un pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ní sítáàṣì àlìkámà, àti pé gluten inú hóró kan irú rẹ̀ kò lè ju 0.5 mílígíráàmù lọ.

Iye yìí kéré. Ìlànà ọdún 2013 gba ohun tí kò tó ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan láàyè nínú oúnjẹ tí wọ́n bá pè ní aláìnígluten. Ní ìwọ̀n yẹn, 30 gíráàmù oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè ní tó 0.6 mílígíráàmù. Ìwádìí Catassi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2007 sì fi hàn pé 50 mílígíráàmù lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta ń ba ìfun jẹ́.

4.0 Ọ̀nà ìwádìí

Orúkọ oògùn nìkan kò tó fún ìwádìí. Ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan lè máa ṣe oògùn kan náà. Ojúlówó èròjà wọn gbọ́dọ̀ bára mu, ṣùgbọ́n àfikún inú oògùn àgbémì wọn lè yàtọ̀. Apoògùn sì lè fún aláìsàn ní ti ilé-iṣẹ́ mìíràn lóṣù tí ó tẹ̀lé e. Nítorí náà:

(i) Kí aláìsàn sọ nípa àìsàn rẹ̀ fún dókítà àti apoògùn kí wọ́n tó fún un ní oògùn.

(ii) Kí ó ka àwọn èròjà àfikún nínú ìwé tí ó bá oògùn wá, tàbí ní DailyMed, àkójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ilé-ìkàwé ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà.

(iii) Bí sítáàṣì bá wà níbẹ̀ láìsí orúkọ irúgbìn, kí òun tàbí apoògùn béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, kí wọ́n sì dá nọ́ńbà ara ìgò fún wọn.

(iv) Kí ó tún ìwádìí ṣe nígbàkígbà tí ilé-iṣẹ́ bá yí padà.

Ilé-iṣẹ́ lè fèsì pé àwọn kò fi gluten sí i, ṣùgbọ́n àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìtumọ̀ èyí kì í ṣe pé gluten wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọn kò yẹ hóró tí ó ti parí wò fún gluten ni. Bákan náà, bí inú bá ń run aláìsàn lẹ́yìn tí ó yí oògùn padà, ó lè jẹ́ lactose, ṣúgà inú wàrà tí ó wọ́pọ̀ nínú hóró oògùn, ni ó fà á.

5.0 Ewu tí ó ju gluten lọ

Àìsàn ẹṣẹ́ thyroid wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ó ní celiac ju láàrin àwọn ẹlòmíràn lọ. Púpọ̀ nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń lo levothyroxine lójoojúmọ́. Bí ẹni kan bá pa á tì nítorí ìfura lásán, ara rẹ̀ yóò máa rẹ̀ ẹ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa lù díẹ̀díẹ̀. Ìpalára yìí dájú ju ti gluten tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí lọ. Ó yẹ kí aláìsàn máa lo oògùn rẹ̀ lọ bí ìwádìí ti ń lọ, àfi bí dókítà bá ní kí ó dá a dúró.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn gbangba pé gluten ṣọ̀wọ́n nínú oògùn àgbémì ní Amẹ́ríkà, àmọ́ òfin kò tíì fi dandan lé e pé kí ìwé oògùn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹrù ìwádìí wá di ti aláìsàn àti apoògùn rẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà; ṣùgbọ́n kí oògùn má ṣe kúrò lẹ́nu nígbà tí ìbéèrè ṣì ń lọ.