Ìfọkàntán, òwò ẹrú àti iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè

Ní ọdún 2011, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Nathan Nunn àti Léonard Wantchekon tó jẹ́ ọmọ Zagnanado ní Benin, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú American Economic Review. Ìbéèrè wọn ni pé: ǹjẹ́ àwọn ẹ̀yà tí a kó lẹ́rú jù lọ ni kì í fọkàn tán ọmọnìkejì lónìí? Wọ́n fi iye ènìyàn tí a kó lọ nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, láti 1400 sí 1900, wé ìdáhùn tí àwọn ará orílẹ̀-èdè 17, Benin pẹ̀lú, fún àwọn olùwádìí Afrobarometer ní 2005. Wọ́n rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ohun tó ṣòro jù níbẹ̀ ni pé àìfọkàntán náà kò mọ sọ́dọ̀ àlejò. Ó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ó dé ọ̀dọ̀ ẹbí. Ẹni tó mọ ìtàn Kétu, tí ogun Dàhòmì fọ́ ní 1886, lè rò pé ọ̀tá ìta nìkan ló ń sọni di ẹrú. Ṣùgbọ́n wọ́n jí àwọn mìíràn gbé, ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ ló sì ta àwọn mìíràn. Ẹ̀rí èyí wà nínú ìwé tí gbogbo wa ń lò: Polyglotta Africana tí S. W. Koelle tẹ̀ jáde ní 1854. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ka-èdè tó pè ní Aku la máa ń wá nínú rẹ̀. A kì í sábà ka ìṣáájú rẹ̀, níbi tó ti kọ bí àwọn tó fún un ní ọ̀rọ̀ ní Freetown ṣe kúrò nílé. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kà á.

Wọ́n tún yẹ àwọn tó ti ṣí kúrò nílẹ̀ baba wọn wò. Ẹni tó ṣí lọ fi ìjọba àti òfin ibẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ìwà tí wọ́n fi tọ́ ọ dání. Ohun tí a gbé dání yìí lágbára tó ìlọ́po méjì ohun tí a fi sílẹ̀, ó kéré tán. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kíkọ́ ilé ẹjọ́ nìkan kò ní tó.

Ibi tí èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, «confiance» àwọn Faransé, ni ìwádìí náà fi béèrè nípa ẹbí àti nípa ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Èdè wa ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí a ń retí ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ la ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí a mọ̀ pé kò ní dà wá la ń fọkàn tán. Mo lè fọkàn tán àbúrò mi pátápátá, kí n má gbẹ́kẹ̀ lé e nípa owó, torí kò ní in. Mo lè gbẹ́kẹ̀ lé ìgbìmọ̀ fún omi ẹ̀rọ, kí n má sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Èyí kò sọ iṣẹ́ wọn di asán. Èdè tí wọ́n fi béèrè ní orílẹ̀-èdè 17 pọ̀ ju kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tàn wọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa tún un ṣe ní Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ bi àwọn ènìyàn ní méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.