Ọkàn tí Kì í Gbé Ojú Kan: Àlàyé lórí ADHD, Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà àti Iṣẹ́ Àánú

Orúkọ pọ̀ lẹ́nu àwa Yorùbá fún ọmọ tí kò lè jókòó ti iṣẹ́ kan títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Bí ó bá ń sá sókè sá sódò, a ó ní ìdí rẹ̀ kì í gbé ilẹ̀. Bí ó bá ń fi ìkánjú ṣe nǹkan, a ó ní oníwàdùwàdù ni. Bí ó bá gbàgbé iṣẹ́ tí a rán an, a ó ní ọ̀lẹ ni. Bí ó bá sì jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn kíláàsì, tí ó ń wo ojú fèrèsé, tí kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí, olódo ni a ń pè é. Gbogbo orúkọ wọ̀nyí ni ó ń di ẹ̀bi ru ìwà ọmọ náà. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni pé láàárín irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí àwọn tí ìwà wọn kò ní ẹ̀bi kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà tí ọpọlọ wọn ń gbà darí ọkàn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. ADHD ni àwọn oníṣègùn ń pe ipò yìí.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè sún mọ́ ilé, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ Ìyìn-Èkìtì kan. Ìyìn, ìlú Olúyìn, kò jìnnà sí Adó. Ilẹ̀ Èkìtì sì ni ilẹ̀ tí a ti ń fi ìwé kíkà yangàn. Èrè oko ni ọ̀pọ̀ bàbá fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Níbi tí ìwé bá ti jẹ́ iyì ìdílé tó báyìí, ọmọ tí kò lè jókòó ti ìwé a máa ru ẹ̀gàn tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọmọ yìí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà gíráfíìkì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, èyí tí í ṣe iṣẹ́ yíya àwòrán àti títo lẹ́tà fún èèpo ẹ̀yìn ìwé, pósítà, kàlẹ́ńdà àti páálí ọjà. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ADHD wà lára rẹ̀, àti pé ó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú. A kò ní pe orúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó dúró fún. Kí ni ó ń bá a fà á? Kí ni ó sì lè ràn án lọ́wọ́?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ̀ pé ipò yìí kì í ṣe ohun tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń sọ. Ní ọdún 1798 ni Alexander Crichton, oníṣègùn ará Skọ́tílándì, ti kọ̀wé nípa àwọn tí kò lè fi ọkàn sí ohun kan pẹ́ títí. Ní ọdún 1902, George Still sọ ọ̀rọ̀ fún àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nípa àwọn ọmọ tí òye wọn pé ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu. Ìwà ni Still pàápàá ṣì ń tọ́ka sí. Ìgbà tí ó yá ni èrò yí padà, orúkọ sì ń bá a yí. Ní 1968, ara àìbalẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tẹnu mọ́ nínú orúkọ tí wọ́n fún un. Ní 1980, wọ́n gbé àìlèfọkànsí ṣíwájú. Ní 1987 ni wọ́n so méjèèjì pọ̀ di orúkọ tí a ń lò lónìí.

Ọ̀nà méjì ni àmì rẹ̀ pín sí, mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án ni a sì kà sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àìlèfọkànsí: kí ènìyàn máa fo ohun kéékèèké nínú iṣẹ́, kí ó máa bẹ̀rẹ̀ láìparí, kí ó máa sọ nǹkan nù, kí ó máa gbàgbé iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀nà kejì ni ara àìbalẹ̀ àti ìkánjú: kí ó máa jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó máa dìde níbi tí ó yẹ kí ó jókòó, kí ó máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíràn. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2013, ọmọdé gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán mẹ́fà nínú àmì ọ̀nà kan. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 17, márùn-ún ti tó. Àmì náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà, kí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti hàn kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 12. Ó gbọ́dọ̀ hàn ní ibi méjì ó kéré tán, bí ilé àti ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì máa dí ìgbésí ayé ènìyàn lọ́wọ́. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ADHD ń ṣe.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni èyí, kí ó wo ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 lórí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn olùwádìí náà rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 8.7 ni àmì ADHD hàn lára wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì ọlọ́mọ àádọ́ta, bí ọmọ mẹ́rin ni ìyẹn. Ohun tí ó tún yẹ kí àwa olùkọ́ fi sọ́kàn ni pé, nínú 8.7 náà, 4.9 ni ó jẹ́ ti àìlèfọkànsí nìkan. Èyí ni pé ó ju ìdajì wọn lọ tí kì í pariwo, tí kì í jà, tí kì í fo orí àga. Àwọn ọmọ jẹ́jẹ́ tí ń wo ojú fèrèsé ni wọ́n.

Ohun tí ó ń da òbí láàmú jù ni pé ọmọ tí kò lè ka ojú ìwé méjì yìí kan náà lè jókòó ti àwòrán láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí. Wọ́n á ní, “Bí ó bá wù ú, ó lè ṣe é, kò fẹ́ ṣe é ni.” Ibi tí àṣìlóye ti ń wọlé nìyí. Ọkàn ẹni tí ó ní ADHD kì í ṣe aláìlágbára. Ìjánu rẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ onítọ̀hún bí ó ti yẹ. Ohun tí ó bá jẹ́ tuntun, tí ó dùn mọ́ ọn, tàbí tí àkókò rẹ̀ ti dé gẹ́ẹ́ ni ó ń fa ọkàn náà. Pé ohun kan ṣe pàtàkì nìkan kò tó láti fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àkókò: iṣẹ́ tí ó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dà bí ẹni pé kò sí, àfi ìgbà tí ó bá ku alẹ́ ọjọ́ kan.

Ìwádìí lórí àwọn ìbejì, tí ilẹ̀ wa kò ṣàjèjì sí, ti fi hàn pé àjogúnbá ni ó kó ipa tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń fà á. Oògùn sì wà fún un. Ní ọdún 1937, Charles Bradley ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé oògùn kan tí ó yẹ kí ó máa ta ènìyàn jí ni ó mú kí ara àwọn ọmọ kan balẹ̀, tí wọ́n sì kọjú sí ẹ̀kọ́. Lónìí, methylphenidate wà lára èyí tí a ń lò jù. Ó ń fi kún èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Dókítà ni ó gbọ́dọ̀ yẹ ènìyàn wò kí ó tó kọ ọ́ fún un. Ẹni tí ó bá rí àmì lára ara rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí ní Ìdó-Èkìtì. Wọn yóò tọ́ ọ sọ́nà ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ, bí irú àwọn tí ó wà ní UCH ní Ìbàdàn àti ní Arò ní Abẹ́òkúta. Oògùn ọwọ́ akirità kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò lè kọ́ ènìyàn bí a ti ń parí iṣẹ́. Ẹ wo iṣẹ́ ọnà gíráfíìkì. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn: èrò tuntun, àwọ̀, àwòrán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó le: wíwọn etí ìwé, yíyẹ àkọtọ́ wò, títún orúkọ ènìyàn kọ, gbígbé iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé lọ́jọ́ àdéhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ní èrò mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ó má sì parí ẹyọ kan.

Níhìn-ín ni ọgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa ti wúlò. Láti 1947 sí 1954 ni Fadá Kevin Carroll fi ṣe alábòójútó ibi iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Níbẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bándélé, ọmọ Àreògún. Àwọn agbẹ́gilére kì í kàn sọ fún ọmọṣẹ́ pé kí ó “lọ gbẹ́ ère.” Ìpele mẹ́rin tí ó ní orúkọ ni wọ́n pín in sí. Ọnà lílé ni ti kìn-ín-ní, tí a fi ń la igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, tí a fi ń yọ ojú, imú àti ọwọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí a fi ń mú ara ère jọ̀lọ̀, kí fínfín tó kẹ́yìn, tí a fi ń gé irun, ilà àti ọnà ara aṣọ. Ọ̀gá wà nítòsí ní gbogbo ìpele, ojú rẹ̀ sì ń bá ọwọ́ ọmọṣẹ́ lọ. A kò sọ pé nítorí ADHD ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé bí a ti ní kí ẹni tí ó ní ADHD máa ṣiṣẹ́ gan-an nìyí: kí a gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ tí ojú lè rí, kí a fún ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ọjọ́ tirẹ̀, kí ìbáwí sì tètè dé kí àṣìṣe tó jinlẹ̀.

Àṣà wa kejì tí ó ṣe é lò ni ọ̀wẹ̀ àti àárò. Nínú àárò, àwọn ẹgbẹ́ a máa ro oko ara wọn kárí. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó ní iṣẹ́ a pe àwọn ènìyàn, a sì bọ́ wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ìbá ti rìn lọ bí ó bá dá wà lóko, a máa kọ ebè títí dé òpin bí ẹlòmíràn bá ń kọ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní ADHD ni ó jẹ́rìí pé bí ẹnì kan bá jókòó ti àwọn, ìbáà má sọ̀rọ̀, iṣẹ́ á tẹ̀ síwájú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àánú fi lè dára fún akẹ́kọ̀ọ́ wa. Nínú ẹgbẹ́ ni a ti ń ṣe é, ọjọ́ rẹ̀ kì í jìnnà, ojú sì ń rí ẹni tí yóò jàǹfààní. Àwòrán pàápàá ní agbára níbẹ̀. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ aláàánú kan tí ń jẹ́ ADHD Foundation so ọ̀pọ̀lọpọ̀ agboòrùn aláràbarà kọ́ sókè òpópónà kan ní Liverpool, kí àwọn ènìyàn lè bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ nípa àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà ọ̀tọ̀. Àwa tí a mọ agboòrùn ọba yóò tètè rí iyì àti ààbò tí ó wà nínú àmì náà. Ní Ìyìn tàbí ní Adó, akẹ́kọ̀ọ́ lè ya pósítà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, fún fífi ẹ̀jẹ̀ tọrọ, tàbí fún ẹgbẹ́ bí Red Cross ti Nàìjíríà, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1960.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ. Ẹni tí ìkánjú ń ṣe kì í pẹ́ kí ó tó jẹ́ hòo. Ó lè gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé àánú ṣe é, nítorí pé ìyìn dùn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún èébú. Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Pósítà abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó jáde lẹ́yìn tí àwọn nọ́ọ̀sì ti lọ kò ṣe ọmọ kankan lóore, ẹni tí ó yà á á sì tún gba orúkọ ọ̀lẹ. Nítorí náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ó máa gbà lẹ́ẹ̀kan. Kí ó sùn kí ó tó dáhùn. Kí a kọ ohun tí a fẹ́ sínú ìwé fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ Ẹtì ni a fẹ́ iṣẹ́ náà, kí ó mú ọnà lílé rẹ̀ wá ní ọjọ́ Ajé, àlétúnlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dídán ní Ọjọ́rú, kí ẹlòmíràn sì bá a yẹ fínfín rẹ̀ wò ní Ọjọ́bọ̀. Kò sí ìtìjú nínú pé kí ènìyàn ní ojú kejì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí parí sí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹgba kò sì tíì kọ́ ọpọlọ ẹnikẹ́ni bí a ti ń mọ àkókò. Kí a tó pe ọmọ kan ní olódo, ẹ jẹ́ kí a gbé e súnmọ́ iwájú, kí a gé iṣẹ́ rẹ̀ sí mẹ́rin, kí a fún un ní ẹnì kejì, kí a sì máa wò ó fún sáà kan. Bí ìyípadà bá dé, a ti jèrè ọmọ. Bí kò bá dé, kí a pe àwọn òbí rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí a sì bá wọn wá ọ̀nà ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ mẹ́rin tí a sọ yẹn ń bẹ nínú kíláàsì wa lọ́la, ọ̀kan nínú wọn sì lè máa ya àwòrán sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ ní àkókò yìí gan-an.