Ihò Inú Kámẹ́rà Àtijọ́

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kámẹ́rà onífíìmù rí: bí ìmọ́lẹ̀ bá rí ihò bí ojú abẹ́rẹ́, yóò ba fíìmù jẹ́.

Mo ya ìyá mi àgbà ní Igbó Ẹfọ̀n. Nígbà tí fọ́tò jáde, ìlà funfun kan bo ojú wọn. Kí n tó padà lọ, wọ́n ti re ibi àgbà ń rè.

Ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù. Bí àbàwọ́n bá kọjá àwòrán dé etí fíìmù, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kí ẹ fura sí. Àwòrán a máa dorí kodò nínú kámẹ́rà; nítorí náà, bí àbàwọ́n bá wà lókè fọ́tò, ẹ wá ihò rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ fi òwú dúdú dí i.

Bí àbàwọ́n bá mọ sí inú àwòrán nìkan, ẹ yẹ awọ kíká iwájú wò, nítorí ọ̀rinrin etí ọ̀sà a máa jẹ awọ. Ẹ yọ fíìmù, ẹ wọ iyàrá tí ó ṣókùnkùn, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí inú rẹ̀. Ihò mẹ́ta ni mo rí ní igun ti èmi. Aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fi àtè lẹ̀ mọ́ wọn. Mo sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí n tó ká a.

Kámẹ́rà alápòótí, irú Brownie D tí J. D. 'Okhai Ojeikere fi bẹ̀rẹ̀ fọ́tò ní 1950, ní fèrèsé pupa tí a fi ń ka nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́ kò mọ ìmọ́lẹ̀ pupa lára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti òde òní mọ̀ ọ́n. Ẹ fi téèpù dúdú bò ó.

Fíìmù ṣeé tún rà. Ojú àgbà tí ó ti lọ kò ṣeé tún yà.