Ìbòmú Ọmọ Ilé-Ìwé: Kí Ni Wọ́n Ń Jà Sí Gan-an?

  

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Ikọ́ ni ó ń dá ọmọ náà láàmú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí i pé kò tíì le. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó fi í sílẹ̀ nílé fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí mo sì gbọ́ pé ìyá àgbà wà nínú ilé wọn, mo ní kí ọmọ náà máa lo ìbòmú nígbà tó bá wà nítòsí wọn.

Àfi bí obìnrin náà ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó ní: “Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà ṣì gba ìyẹn gbọ́? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Texas sọ pé nígbà Kòrónà, gómìnà wọn kọ̀ fún ilé-ìwé láti fi dandan lé ìbòmú. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní California sì sọ pé dandan ni fún àwọn ọmọ tirẹ̀ nígbà kan náà. Amẹ́ríkà kan náà o! Èwo ni ká gbọ́ nínú méjèèjì?”

Èrò pọ̀ lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà, n kò lè dá a lóhùn tán. Mo ṣe ìlérí fún un pé n óò dáhùn nínú ìwé ìròhìn yìí, kí ẹ̀yin náà lè bá wa gbọ́ ọ.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE RÌN

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Nínú oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n ti ilé-ìwé pa. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i, ìbòmú ti di ara aṣọ ilé-ìwé, tòun ti omi àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó sọ ìbòmú di dandan ní gbangba. Nígbà náà, ẹni tó bá rú u lè san owó ìtanràn, ó sì lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ti gbé ìmọ̀ràn jáde lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Wọ́n ní kí a má ṣe fi dandan lé ìbòmú fún ọmọ ọdún márùn-ún sí ìsàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, kí a kọ́kọ́ wo bí àrùn ṣe ń jà tó ní àdúgbò, bóyá ọmọ náà lè lo ìbòmú bó ṣe yẹ, àti bóyá arúgbó tàbí aláìlera wà nílé rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá sókè, kí ó máa lò ó bí àgbàlagbà.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọmọ wa pọ̀ sí, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní England bẹ̀rẹ̀ sí lo ìbòmú nínú kíláàsì ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2021. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, ìjọba ní ó tó. Wọ́n tún dá a padà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, kò sì pé oṣù kan tí wọ́n tún fi mú un kúrò. Wọn kò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Amẹ́ríkà ni ó ti di ìjà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, Gómìnà Greg Abbott ti Texas pàṣẹ pé kí ilé-ìwé ìjọba kankan má ṣe sọ ìbòmú di dandan mọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje, àjọ CDC tí ń gbógun ti àrùn níbẹ̀ ní kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé àti tíṣà lo ìbòmú, nítorí irú Kòrónà tí wọ́n ń pè ní Delta ń ràn bí iná inú ọyẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, Gómìnà Ron DeSantis ti Florida pàṣẹ pé òbí ni kí ó pinnu, kì í ṣe ilé-ìwé. Àwọn ìgbìmọ̀ ilé-ìwé kan ní Florida, bíi ti Broward àti Alachua, kọ̀ jálẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì dá iye owó oṣù àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà dúró nínú owó tó ń fún wọn. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. California àti New York ní tiwọn fi dandan lé e títí di oṣù kẹta ọdún 2022.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n ìyá yìí kò purọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kò sì purọ́.

OHUN TÍ APÁ KỌ̀Ọ̀KAN WÍ

Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

Àwọn tó fẹ́ dandan sọ pé àrùn tí ń gba inú èémí ràn kì í ṣe ọ̀ràn ẹnìkan. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọmọ tí ara rẹ̀ le lè gbé àrùn fún tíṣà tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí fún ìyá àgbà nílé. Àti pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá kò tíì láǹfààní láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ní Amẹ́ríkà. Oṣù kọkànlá ni ti àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí kò fẹ́ dandan sọ pé àrùn yìí kì í sábà pa ọmọdé bí ó ti ń pa àgbà. Wọ́n ní ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ máa rí ẹnu olùkọ́ kí ó tó mọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọdé kì í lò ó dáadáa: yóò fà á sí ìsàlẹ̀ imú, yóò gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, yóò fi nu ojú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n bèèrè pé ta ni ó ni ọmọ, ìjọba ni tàbí òbí?

Èmi kò lè pe ẹnì kankan nínú wọn ní wèrè. Ọmọ ni gbogbo wọn ń rò.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Bí a bá ń dín ata nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, gbogbo ilé ni yóò wúkọ́, àní ẹni tó jìnnà sí ààrò. Bẹ́ẹ̀ ni Kòrónà ṣe ń rìn. Ó ń bá itọ́ jáde nígbà tí a bá sín tàbí tí a bá wúkọ́, ó sì ń bá èémí lásán jáde pẹ̀lú, a máa fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́ bí èéfín. Ìbòmú tó dára a máa dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ibẹ̀ ni èéfín yóò gbà.

Ní Bangladesh, láti ìparí ọdún 2020 wọ ọdún 2021, àwọn olùwádìí lo abúlé 600, tí àgbàlagbà inú wọn ju 340,000 lọ. Wọ́n pín ìbòmú ní àwọn abúlé kan, wọ́n sì ń rọ àwọn ènìyàn láti lò ó. Wọn kò pín in ní àwọn yòókù. Níbi tí wọn kò ti pín in, ènìyàn 13 nínú 100 ni ó ń lò ó. Níbi tí wọ́n ti pín in, 42. Àwọn tí àrùn náà mú tí ó sì hàn lára wọn dín ní nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbòmú irú ti ilé ìwòsàn ṣiṣẹ́ ju ti aṣọ lọ, àwọn tó lé ní ọgọ́ta ọdún ni ó sì ràn lọ́wọ́ jù. Ẹ ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé.

Ní Massachusetts, dandan ìbòmú ilé-ìwé dópin ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2022. Boston àti Chelsea ṣì ń bá a lọ nígbà tí àwọn ìlú tó yí wọn ká ti pa á tì. Nínú ọ̀sẹ̀ 15, àwọn olùwádìí ṣírò pé níbi tí wọ́n ti pa á tì, nǹkan bí ènìyàn 45 ni àrùn mú lé nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kò gba ìṣirò náà wọlé, wọ́n ní àwọn ìlú náà yàtọ̀ síra ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú.

Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí 78 jọ lórí ìbòmú, ọwọ́ fífọ̀ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn kan pariwo pé ó ti hàn pé ìbòmú kò wúlò. Ní oṣù kẹta, olórí olóòtú wọn, Karla Soares-Weiser, wí pé wọ́n ṣi ìwé náà kà: ohun tó sọ ni pé ẹ̀rí kò tíì tó láti ṣe ìpinnu.

ÌBÉÈRÈ MÉJÌ NI, KÌ Í ṢE Ọ̀KAN

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìyá olùkọ́ wa kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ nímú kí a tó da oògùn sí i lẹ́nu. Oògùn náà lè dára, kí ọ̀nà tí a gbà fún ọmọ sì burú. Ọ̀tọ̀ ni oògùn, ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe fún ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ti ìbòmú. Ìbéèrè kìn-ín-ní: ǹjẹ́ ìbòmú ń dí àrùn lọ́nà? Ti ìmọ̀ ìlera ni èyí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó ń ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, bí ó bá jẹ́ ojúlówó tí a sì lò ó dáadáa. Ìbéèrè kejì: ǹjẹ́ ó yẹ kí a fi dandan lé e fún gbogbo ọmọ, fún ìgbà wo, ta ni yóò sì pàṣẹ? Ti àṣẹ ìlú ni èyí. Dókítà kan ṣoṣo kò lè dáhùn rẹ̀. Ohun tó ba ìjà Amẹ́ríkà jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bínú sí dandan wá ń sọ pé ìbòmú ń pa ọmọ, ẹni tó fẹ́ràn ìbòmú wá ń ṣe bí ẹni pé dandan kò ní ìpalára kankan.

Mo mọ̀ pé ó ní in, nítorí èmi náà ṣẹ̀. Ní ọdún 2021, wọ́n pè mí sí ilé-ìwé kan láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ́tótó. Ọmọbìnrin kan wà níwájú tí kì í dáhùn nígbà tí tíṣà bá bi í ní nǹkan. Ó wá nawọ́, ó fẹ́ fa ìbòmú tíṣà sísàlẹ̀. Tíṣà bínú, èmi náà sì bá a wí pé ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ ni yóò fi àrùn kó bá ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tí a jáde ni ìyá kan tó ń ta oúnjẹ nínú ọgbà sọ fún mi pé etí ọmọ náà kò gbọ́ dáadáa, ẹnu olùkọ́ ni ó máa ń wò kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Láti ìgbà tí ìbòmú ti dé, kò sí ẹni tó bèèrè ìdí tí ọmọ náà fi dákẹ́. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú náà kò bèèrè. Mo padà lọ bẹ ọmọ náà, a sì ní kí tíṣà máa dúró síbi fèrèsé, kí ó sí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ tó bá ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó ti pàdánù, n kò lè dá a padà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé pàjáwìrì Kòrónà ti parí. Àrùn náà kò lọ o. Òun, ọfìnkìn àti ikọ́ mìíràn ṣì wà láàrin wa. Nítorí náà:

1. Ọmọ tí ibà àti ikọ́ bá mú, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Èyí ju ìbòmú lọ.

2. Ẹ ṣí fèrèsé, nílé àti ní kíláàsì. Ẹ rántí èéfín ata.

3. Bí arúgbó, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ikọ́ fée bá wà nílé, kí ẹni tí ń wúkọ́ lo ìbòmú nítòsí rẹ̀. Kí ó bo imú àti ẹnu, kí ó fara mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ó bá ti tutù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ méjì lo ọ̀kan.

4. Ẹ má ṣe fi sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, tàbí ọmọ tó ń sùn, tàbí ọmọ tí èémí ń nira fún.

5. Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, tí àyà rẹ̀ ń wọnú, tí ètè rẹ̀ ń dúdú bí aró, tàbí tí kò lè mu omi, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ràn ìbòmú mọ́.

6. Bí ilé-ìwé bá tún ní kí ọmọ yín lo ìbòmú lọ́jọ́ kan, ẹ bi wọ́n pé: títí di ìgbà wo? Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa ńkọ́? Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó rẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè rere nìyẹn, kì í ṣe àfojúdi.

Ìyá ọlọ́mọ tó bi mí léèrè, ìdáhùn mi rèé: ẹ má gbọ́ ti Texas, ẹ má gbọ́ ti California. Ẹ wo inú ilé tiyín. Ìyá àgbà wà lórí ẹní, ọmọ sì ń wúkọ́. N kò pa á láṣẹ, mo kàn ń bẹ̀ yín ni. Kí ọmọ náà lo ìbòmú fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún yìí, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Bí ikọ́ náà bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ mú un padà wá, mo wà níbẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa tọ́jú ara yín.